Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ẹ̀rí Gba Ìpín Yín Nínú Dúkìá Nígbà Tí Ìgbéyàwó Bá Tú Ká ní Nàìjíríà

Ọ̀pọ̀ obìnrin, àti àwọn ọkùnrin kan pẹ̀lú, ló máa ń dé iwájú adájọ́ tí wọ́n á ní, "Olúwa mi, àwa méjèèjì la jọ kọ́ ilé yẹn," tí wọ́n á sì kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Kì í ṣe pé wọ́n parọ́. Adájọ́ béèrè iye tí wọ́n mú wá, ọjọ́ tí wọ́n mú un wá, ẹni tí wọ́n san án fún àti ibi tí owó náà wọlé sí lára ilé, wọn ò rí i dáhùn. Òfin Nàìjíríà kò sọ pé kí wọ́n dá dúkìá tọkọtaya sí méjì ọgbọọgba. Orúkọ tó wà lórí ìwé ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀rí ló máa fi wọlé.

Ní 1992, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ ìyàwó kan tí ọkọ rẹ̀ ta ilé mọ́ ọn lórí pé ẹni tó bá ní òun dáwó sí ilé gbọ́dọ̀ sọ bí ìrànwọ́ náà ṣe pọ̀ tó àti irú èyí tó jẹ́, kó sì tú u palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà kò rí i ṣe, ilé sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó. Bí ojúlówó bá ti sọnù, ẹ gba ẹ̀dà tí ríjísírì fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí.
- Sítéètìmẹ́ǹtì gbogbo àkáǹtì báńkì yín, láti oṣù tí ẹ ti ra ilẹ̀ títí di òní. Ẹ tètè béèrè fún un, nítorí àkọsílẹ̀ tó ti pẹ́ kì í jáde lọ́jọ́ kan.
- Ẹ̀dà ìwé ilẹ̀: rìsíìtì tí ẹbí tó tà á fún yín kọ, sọ́fè, deed of assignment (ìwé tí olùtà fi gbé ilẹ̀ fún olùrà), C of O (ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Gómìnà) bó bá wà.
- Rìsíìtì nǹkan ìkọ́lé, ìwé kóópù, ìwé àjọ, ìwé owó oṣù.
- Fóònù tí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yín wà lórí rẹ̀. Ẹ má tà á, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí rẹ̀.
- Orúkọ àti nọ́mbà bíríkìlà, kápẹ́ńtà, oníbúlọ́ọ̀kù àti ẹni tó ta ilẹ̀.
- Ìwé ńlá kan tó ní èèpo líle, tí ẹ kò ní kọ nǹkan mìíràn sí.
- Agbẹjọ́rò. Ẹni tí kò lówó lè lọ sí Legal Aid Council. FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, máa ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́, Office of the Public Defender náà sì wà fún àwọn ará Èkó.

Ẹ kó ìwé jọ nígbà tí ẹ ṣì ń gbé inú ilé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí: ìjà á bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á kó aṣọ àti ọmọ jáde, wọ́n á fi àpò ìwé sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lọ́jọ́ kejì kọ́kọ́rọ́ ilé ti yí padà. Ìwé tó bá ní orúkọ ẹnìkejì yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ tàbí kí ẹ ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, kí ẹ dá ojúlówó padà síbi tí ẹ ti mú un. Ẹni tó bá kó ojúlówó sá, ohun tí agbẹjọ́rò ẹnìkejì máa kọ́kọ́ fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ níwájú adájọ́ nìyẹn.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe àti kóòtù tó ni ín

Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ríjísírì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ tó sì fún yín ní ìwé-ẹ̀rí lábẹ́ Òfin Ìgbéyàwó, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ló lè tú u ká. Òfin tí ẹ máa bá pàdé níbẹ̀ ni Matrimonial Causes Act ti 1970. Abala 72 rẹ̀ fún adájọ́ láṣẹ láti ní kí tọkọtaya, tàbí ọ̀kan nínú wọn, ya dúkìá sọ́tọ̀ fún àǹfààní ẹnìkejì tàbí àwọn ọmọ, gẹ́gẹ́ bó bá ṣe rí i pé ó tọ́ tó sì yẹ. Adájọ́ kì í sábà lo àṣẹ yìí fún ọmọ tó ti pé ọdún 21, àfi bí ìdí pàtàkì bá wà.

Bí ẹ bá ti ṣe ìdána, tí ẹ sì tún lọ sí ríjísírì, ti ríjísírì ni òfin máa wò.

Ẹni tó ṣe ìdána nìkan tàbí yìgì nìkan kò sí lábẹ́ abala 72. Kóòtù ìbílẹ̀ ló máa tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni pé kí ẹni náà gbé ọ̀rọ̀ ilé kalẹ̀ níwájú kóòtù ìbílẹ̀ kan náà, kó rò pé bí wọ́n bá ti parí ti ìgbéyàwó wọ́n á parí ti ilé mọ́ ọn. Lábẹ́ Land Use Act ti 1978, Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ló láṣẹ lórí ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ Gómìnà, ibẹ̀ sì ni ilẹ̀ ìgboro wà. Ilẹ̀ ìgbèríko tó wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ ni kóòtù ìbílẹ̀ lè dá sí. Nítorí náà, bí ilé yín bá wà nígboro Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ lè tú ìdána ká ní kóòtù ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹjọ́ pé ẹ ní ìpín nínú ilé, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni ẹ máa gbé e lọ. Ẹ̀rí owó tí ẹ dá sí i lẹ máa fi rò ó níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì tó jọ ra nǹkan.

Ó ṣeé ṣe kí obìnrin tó ṣe ìgbéyàwó ríjísírì má tíì fẹ́ kọ ọkọ rẹ̀, àmọ́ kí ẹ̀rù máa bà á pé wọ́n fẹ́ ta ilé. Abala 17 nínú Òfin Dúkìá Obìnrin Abilékọ ti 1882, tàbí irú rẹ̀ tó wà nínú òfin àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn, jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó lè béèrè lọ́wọ́ adájọ́ pé ta ló ni dúkìá, láìsí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ rárá. Ọ̀nà yìí wúlò fún ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé ọdún 2 pẹ̀lú, nítorí láàárín àkókò náà kò lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wá láìkọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda kóòtù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé ẹ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé irú ìgbéyàwó báyìí ni ẹ ṣe, kóòtù báyìí ló máa tú u ká, kóòtù báyìí ló sì máa dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀? Bí ìdáhùn ìkejì àti ìkẹta bá yàtọ̀ síra, ẹjọ́ méjì ni ẹ ní lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò yín mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìpele 2: Ẹ kọ gbogbo dúkìá sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tó wà lórí ìwé rẹ̀

Ẹ kọ ilẹ̀, ilé, ọkọ̀, owó báńkì, owó kóópù, ìpín ìdókòwò, òwò, owó ìfẹ̀yìntì, ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, àti gbèsè. Ẹ kọ orúkọ tó wà lórí ìwé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tó wà lórí ìwé ni o, kì í ṣe ẹni tí ẹ gbà pé ó ni ín.

Èyí tí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì bá wà lórí rẹ̀ ló rọrùn jù, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Èyí tó jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ máa ṣiṣẹ́ lé lórí jù.

Ilé ẹbí kò sí nínú ohun tí ẹ lè pín. Bí ọkọ bá ní yàrá méjì nínú ilé bàbá rẹ̀, ẹbí ló ni ilé náà. Ilẹ̀ ẹbí tí ẹ kọ́ ilé lé lórí le díẹ̀: ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí, kí owó tí ẹ ná sórí ìkọ́lé sì jẹ́ ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì yín. Ẹ béèrè fún owó, ẹ má béèrè fún ilẹ̀.

Dúkìá tó wà lórúkọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC gẹ́gẹ́ bíi limited, ilé-iṣẹ́ ló ni ín. Ìpín tí ọkọ tàbí aya ní nínú ilé-iṣẹ́ náà ni ẹ lè bá adájọ́ sọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán, irú èyí tí wọ́n ń pè ní enterprise, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ló ni ọkọ̀ àti ọjà inú rẹ̀. Ẹ béèrè fún status report, ìwé tó ń sọ bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe wà nínú àkọsílẹ̀, ní CAC kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Owó ìfẹ̀yìntì tó wà nínú àkáǹtì RSA, lábẹ́ Pension Reform Act ti 2014, ẹni tó ni ín pàápàá kì í lè fà á yọ bó ṣe wù ú kó tó pé ẹni 50 ọdún. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì rí òmíràn láàárín oṣù 4, lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, kí agbẹjọ́rò yín lè fi sọ pé ẹni tó ní owó yẹn níwájú yẹ kó fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tó wà nílẹ̀ báyìí.

Aṣọ, góòlù àti ẹ̀bùn tí ẹnì kan fún ẹnìkejì, ẹni tí wọ́n fún ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni sàdáákì ṣe jẹ́ ti ìyàwó.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ní ìwé ìjọba, ẹ ṣe ìwádìí ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ tó wà. Ti Èkó wà ní Aláúsà, Ìkẹjà. Ìpele yìí tó parí bí orúkọ tó jáde níbẹ̀ bá bá ohun tí ẹ kọ mu. Bí orúkọ àjèjì bá jáde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ta á. Ẹ fo lọ sí ìpele 4 kíákíá, kí ẹ tó padà sí ìpele 3.

Ìpele 3: Ẹ kọ ìwé ìdáwó yín, lójú òpó òpó

Ìpele yìí ló ń gba ilé. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, ẹ má kánjú ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ fa òpó mẹ́fà sínú ìwé ńlá yẹn: ọjọ́, iye owó, ibi tí owó ti wá, ẹni tó gbà á, ohun tó ṣe lára dúkìá, ẹ̀rí. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìsanwó kan ṣoṣo. Ẹ tò ó bí ilé ṣe gòkè: ríra ilẹ̀, sọ́fè, owó ọmọ onílẹ̀, ìpìlẹ̀, búlọ́ọ̀kù, líńtẹ́ẹ̀lì, dẹ́kìn, òrùlé, rírẹ́ ilé, fèrèsé àti ilẹ̀kùn, iná, omi, kíkùn.

Ìlà tó dára rí báyìí:

*14/02/2015. ₦350,000. Láti àkáǹtì owó oṣù mi. Sí oníbúlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù náìnì-ínṣì 2,500 fún ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀. Ẹ̀rí: sítéètìmẹ́ǹtì báńkì, ojú ìwé 7; rìsíìtì; fọ́tò búlọ́ọ̀kù nílẹ̀.*

Ìlà tí adájọ́ kò ní kà sí rí báyìí: *"Mo ra búlọ́ọ̀kù púpọ̀ ní 2015."*

Owó kóópù ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń kan òrùlé, òun náà ló sì máa ń ní ẹ̀rí tó péye jù, nítorí ó fi ipasẹ̀ sílẹ̀ níbi mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká mú un bí àpẹẹrẹ. Ẹ yá ₦600,000 ní kóópù ibi iṣẹ́ yín ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 2016. Ipasẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìwé kóópù, tó fi ọjọ́ àti iye hàn. Ìkejì ni sítéètìmẹ́ǹtì báńkì tí owó náà wọlé sí. Ìkẹta ni rìsíìtì páànù àti igi ní ọjọ́ 5 oṣù kan náà. Ìkẹrin ni ìwé owó oṣù yín, níbi tí wọ́n ti ń yọ ₦36,000 lóṣooṣù fún oṣù 18. Bí ẹ bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀léra, kò sí ibi tí agbẹjọ́rò ẹnìkejì máa ki ọwọ́ bọ̀. Ẹ kọ ₦600,000 sí òpó iye owó. ₦48,000 tó jẹ́ èlé, ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀, nítorí kò wọ ara ilé, ẹ̀yin ló sì jẹ gbèsè rẹ̀.

Owó ọwọ́ ló máa ń dá ìṣòro sílẹ̀. Bí ẹ bá fi owó ọwọ́ sanwó fún bíríkìlà, ẹ wá ọjọ́ tí ẹ fà á yọ ní báńkì tàbí lọ́wọ́ alájọ, kí ẹ sì ní kí bíríkìlà náà wá jẹ́rìí pé ọwọ́ yín lòun ti gbà á. Owó tí ẹ fà yọ láìsí ẹlẹ́rìí, ìyọwó lásán ni. Ẹlẹ́rìí láìsí ìyọwó, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹ fi méjèèjì pọ̀.

Rìsíìtì tó wà lórúkọ ọkọ, bẹ́ẹ̀ owó ìyàwó ni wọ́n fi rà á: èyí wọ́pọ̀ gan-an, torí oníṣọ́ọ̀bù á kàn kọ "Mr." sórí ìwé láìbéèrè. Ẹ má ya á dànù. Ẹ so ó mọ́ ìlà sítéètìmẹ́ǹtì tó fi hàn pé láti àkáǹtì yín ni owó náà ti jáde lọ́jọ́ kan náà.

Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí ẹnìkejì yín pé kó fi kọ́lé, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó bá a lọ. Ìfowóránṣẹ́ nìkan lè jẹ́ ẹ̀bùn, ó lè jẹ́ owó oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ WhatsApp ọjọ́ náà tó ní, "Mo ti rí owó sìmẹ́ńtì yẹn, ẹ ṣeun," ló máa sọ ọ́ di owó ilé.

Owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló gbé ẹrù ilé kí ọkọ lè ráyè kọ́lé. Ní 1987, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbà nínú ẹjọ́ kan pé ìrànwọ́ ìyàwó, ti owó àti ti ìtìlẹ́yìn, sí òwò ọkọ ní ìtumọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wo dúkìá tí òwò náà mú wá. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo adájọ́ ló ń fi ọwọ́ fẹ̀ sí i, àwọn kan ṣì máa béèrè owó tó wọ ara ilé gan-an. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye àti rìsíìtì ilé-ìwé, kí ẹ sì wá ẹ̀rí pé àdéhùn wà láàárín yín pé kí ẹ̀yin mú ti oúnjẹ, kí òun mú ti ilé. Àdéhùn yẹn ló so owó oúnjẹ mọ́ ilé. Bí kò bá sí, ẹ fi ẹrù rẹ̀ sórí abala 72, níbi tí adájọ́ ti lè wo ohun tó yẹ, ẹ má fi sórí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan.

Ohun tó jáde láti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ní òfin tirẹ̀. Abala 84 nínú Evidence Act ti 2011 béèrè ìwé-ẹ̀rí tó sọ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa àti pé àárín ìlò rẹ̀ ojoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Bó bá jẹ́ fóònù yín, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i. Sítéètìmẹ́ǹtì báńkì, ẹ ní kí báńkì fi ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ tì í. Mélòó ni ẹjọ́ tí wọ́n ti ju ojú ìwé WhatsApp síta nítorí bébà kan ṣoṣo yìí!

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má já wọ fóònù tàbí ímeèlì ẹnìkejì yín, nítorí Cybercrimes Act ti 2015 wà nílẹ̀ fún irú rẹ̀. Ẹ má sì lọ ra rìsíìtì tuntun tí wọ́n fi ọjọ́ àtijọ́ sí. Wọ́n máa ń mú irú rẹ̀ wẹ́rẹ́: rìsíìtì "1999" tó ní nọ́mbà GSM lórí, bẹ́ẹ̀ 2001 ni GSM dé Nàìjíríà. Rìsíìtì irọ́ kan á ba ogún òtítọ́ jẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yín ní ìwé náà. Kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kó wá ẹ̀rí rẹ̀ nínú fáìlì láìbi yín léèrè. Ìlà tí kò bá rí ẹ̀rí fún, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àròpọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì: ti gbogbo ìlà, àti ti àwọn tí kò ní àmì. Iye kejì ni kí ẹ gbọ́kàn lé.

Ìpele 4: Ẹ dí ojú ọ̀nà kí wọ́n má baà ta á

Bí ẹ bá ti gbọ́ pé oníbàárà ń wá wo ilé, ẹ ní kí agbẹjọ́rò fi ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní caveat sí ọ́fíìsì ilẹ̀, kí ẹni tó bá wá ṣe ìwádìí lè rí i. Kò tó láti kọ "This House Is Not For Sale" sára ògiri nìkan, ṣùgbọ́n kò burú kí ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹjọ́ lọ, kí ẹ sì béèrè àṣẹ ìdádúró. Adájọ́ lè kọ́kọ́ fún yín ní ti ìgbà díẹ̀ láìgbọ́ tẹnu ẹnìkejì bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, lẹ́yìn náà ni ẹ máa béèrè èyí tó máa wà títí ẹjọ́ á fi parí. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀ ra ẹjọ́ mọ́ ọn.

Ẹ má fi ara yín ṣe ohun tí ẹ ń dá ẹnìkejì lẹ́kun. Ìyàwó tó ta ọkọ̀, tàbí ọkọ tó kó owó àkáǹtì àjùmọ̀ní gbẹ, ti fún adájọ́ ní ìdí láti má gbọ́ ẹkún rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ní ẹ̀dà caveat tí ọ́fíìsì ilẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí, àti ẹ̀dà àṣẹ kóòtù pẹ̀lú ẹ̀rí pé ó tẹ ẹnìkejì lọ́wọ́. Àṣẹ tí wọn kò tíì fi jíṣẹ́ fún un kò tíì dè é.

Ìpele 5: Ẹ díyelé e, kí ẹ sì yọ gbèsè kúrò

Ẹni tó ya sọ́fè ilẹ̀ yín kọ́ ló máa díyelé ilé. Estate surveyor and valuer tó ní ìwé àṣẹ ESVARBON, àjọ tó ń forúkọ àwọn adíyelé ilé sílẹ̀, ni ẹ máa wá. Iye tí aṣojú onílé ní àdúgbò bá dá lẹ́nu kò wúlò ní kóòtù.

Ẹ yọ gbèsè tó so mọ́ dúkìá kúrò kí ẹ tó ṣírò ìpín. Bí ilé bá tó ₦40,000,000, tí ẹ̀yáwó báńkì tó fi ilé dúró ṣì ku ₦12,000,000, ₦28,000,000 ló wà nílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí ẹ sì mọ̀ pé báńkì kò sí nínú ìjà yín. Bí ẹ bá ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó ọkọ tàbí aya yín, ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kò yọ orúkọ yín kúrò níbẹ̀, àfi kí báńkì fúnra rẹ̀ fi ìwé tú yín sílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìwé ìdíyelé ní ọjọ́, òǹtẹ̀ àti nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe é, ẹ sì ní lẹ́tà báńkì tó sọ iye gbèsè tó kù.

Ìpele 6: Ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ sínú pẹtíṣọ̀n ní kedere

Adájọ́ kì í fúnni ní ohun tí a kò béèrè. Mo ti rí pẹtíṣọ̀n tó kún fún ẹ̀sùn àgbèrè àti ìyà, láìsí ìlà kan lórí ilé. Ẹ kọ àdírẹ́sì dúkìá, nọ́mbà sọ́fè tàbí C of O, ìtàn bí ẹ ṣe rà á, àròpọ̀ owó yín, kí ẹ sì fi ìwé ìdáwó yẹn tì í. Nínú ohun tí ẹ ń béèrè, ẹ to ọ̀nà sílẹ̀ láti orí èyí tó wù yín jù: kí kóòtù kéde pé ẹ ní ìpín báyìí nínú ilé, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ya á sọ́tọ̀ fún ẹ̀yin àti àwọn ọmọ lábẹ́ abala 72, bí kò bá tún rí bẹ́ẹ̀, kí ẹnìkejì san iye báyìí fún yín. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ẹ fi èsì àti ìbéèrè tiyín ránṣẹ́ láàárín iye ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìpè. Ẹni tó dákẹ́ rò pé òun máa sọ tòun lẹ́nu lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ máa ń pẹ́ jù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Iye tó wà nínú pẹtíṣọ̀n, èyí tó wà nínú ìwé ìbúra yín àti èyí tó wà nínú ìwé ìdáwó bára mu déédéé. Ìyàtọ̀ ₦10,000 péré tó láti fi dí yín lọ́wọ́ nígbà ìbéèrè.

Ìpele 7: Bí ẹ bá lè fìmọ̀ ṣọ̀kan, ẹ sọ ọ́ di ìdájọ́

Ẹjọ́ ilẹ̀ máa ń pẹ́. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé dáadáa máa ń rí i pé ẹnìkejì ti ṣe tán láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ibi ẹlẹ́rìí kejì. Ní Èkó, Multi-Door Courthouse tó ti wà láti 2002 ń ṣe ìlàjà. Ẹ lè ta ilé kí ẹ pín owó, ẹnì kan lè ra ìpín ẹnìkejì, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ máa gbé ibẹ̀ títí wọ́n á fi dàgbà.

Ohun tí mo bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má dúró sórí ìwé tí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí nílé. Ẹ kọ àdéhùn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì àti agbẹjọ́rò fọwọ́ sí i, kí adájọ́ sì sọ ọ́ di ìdájọ́. Ìdájọ́ àjùmọ̀gbà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda kóòtù. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa san owó, àkáǹtì tó máa wọ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ bá kọjá. Àdéhùn tó kàn ní "yóò san án bó bá rówó" kò ní ọjọ́ tó máa bọ́ sí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìdájọ́ wà lọ́wọ́ yín pẹ̀lú òǹtẹ̀ kóòtù, kì í ṣe àdéhùn nìkan.

Ìpele 8: Ẹ yí orúkọ padà

Lẹ́yìn ìdájọ́ ìgbéyàwó ríjísírì, àṣẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní decree nisi kò tíì parí ọ̀rọ̀. Oṣù 3 ló sábà máa ń gbà kó tó di decree absolute. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ètò tó tọ́ wà fún un. Títí di ọjọ́ yẹn, tọkọtaya ṣì ni yín lójú òfin. Bí ọ̀kan bá kú, ọ̀rọ̀ ogún á wọlé. Ẹ yí ìwé ìhágún yín padà kí ọjọ́ yẹn tó dé. Orúkọ next of kin ní báńkì kò sọ ẹnikẹ́ni di ajogún, síbẹ̀ ẹ yí i padà pẹ̀lú ti RSA, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè.

Fún ilé, ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù jẹ́rìí sí. Ẹnìkejì á fọwọ́ sí deed, ẹ ó sì gba ìyọ̀ǹda Gómìnà lábẹ́ abala 22 nínú Land Use Act, ẹ ó san owó ìjọba tó tọ́ sí i, ẹ ó sì forúkọ deed náà sílẹ̀. Bí ẹnìkejì bá kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i, ẹ padà sí kóòtù: adájọ́ lè yan òṣìṣẹ́ kóòtù láti fọwọ́ sí i dípò rẹ̀. Àṣìṣe tó máa ń dun ni jù lọ ni ti ẹni tó jàre, tó ń gbé inú ilé náà láìyọnu, tí kò sì forúkọ nǹkan kan sílẹ̀, títí ẹnìkejì fi fi ìwé àtijọ́ yáwó ní báńkì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ lọ ṣe ìwádìí tuntun ní ọ́fíìsì ilẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀yin gan-an fẹ́ ra ilé náà. Orúkọ yín ló gbọ́dọ̀ jáde, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹ̀yáwó lórí rẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Lọ́jọ́ náà ni kí ẹ yọ caveat yín kúrò.